Bí Mo Ṣe Sọ Ìyá Kan Di Ogójì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn dókítà tó la àyà mi. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún mi. Wọ́n ní ọkàn mi ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ àtijọ́, àwọn fẹ́ ṣí i wò. Mo bi dókítà pé kí ló rò pé òun máa bá níbẹ̀, ó ní ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ni, kí tún ni? Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé nǹkan kẹta wà níbẹ̀ tí ọ̀bẹ rẹ̀ ò ní rí, mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìṣòwò lónìí, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ fẹ́ gbé àwòrán mi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tuntun, pé èmi ni bàbá tó ṣílẹ̀kùn ọjà fún wa, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ gbé àwòrán yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ lọ́gbọ̀n ọdún, ó gbé mi dé ipò ọ̀gá, ó gbé mi dé ìfẹ̀yìntì, òtítọ́ ò sì lé e bá, nítorí èmi fúnra mi ni mo ti òtítọ́ mọ́lé tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ wa kéré lójú àwọn tó ń ṣèpàdé. A kì í ṣe orílẹ̀-èdè gidi, a ò sì jẹ́ ìlú lásán. Abẹ́ ìjọba ńlá kan la wà, bí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè tó kóra jọ sí Ìgbìmọ̀ Ọjà ní àǹfààní kan tí wọ́n ń fún irú àwa bẹ́ẹ̀: wọ́n á mú iṣẹ́ ọwọ́ kan láti ilẹ̀ kan, wọ́n á jẹ́ kó máa wọ ọjà wọn láìsan owó ẹnubodè. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lọ́dún náà. Àwa àti ilẹ̀ kan tó wà ní òdìkejì omi la jọ ń dù ú. Okùn ni tiwọn. Bọ́tìnnì ni tiwa, bọ́tìnnì tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe, dúdú, tó ń dán. Ọ̀gá mi ti ran án mọ́ kóòtù lọ sípàdé kan, àlejò kan yìn ín, inú Ọ̀gá dùn, ẹnu rẹ̀ sì yọ̀: ó ní iṣẹ́ ńlá ni nílẹ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ òfin Ìgbìmọ̀ ni pé ó kéré tán, ogójì èèyàn gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ wọn ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn olókùn tó igba. Ẹ wá bi mí pé àwa oníbọ́tìnnì, mélòó ni wá? Ẹyọ kan ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbọ́tìnnì, òun nìkan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló lọ bẹ Ìgbìmọ̀: Ọ̀gá, èmi akọ̀wé, àti Ògbufọ̀. Ọmọbìnrin tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni Ògbufọ̀ nígbà náà, ó gbọ́ èdè àwọn èèyàn yẹn ju bí àwọn fúnra wọn ṣe gbọ́ ọ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn ọ́fíìsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Orí àga onígi lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni, níbi tí akọ̀wé ti máa sọ pé ọ̀gá òun ò sí nílé, tí ẹ óò sì máa gbọ́ ikọ́ ọ̀gá náà nínú yàrá. Ọ̀nà tí a gbà wọlé sí wọn lára rèé: apá òsì àpò mi kún fún bọ́tìnnì, apá ọ̀tún ní abẹ́rẹ́ àti òwú. Bí a bá ti rí ọ̀gá kan tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, Ọ̀gá á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, Ògbufọ̀ á sọ̀rọ̀ dídùn, èmi á sì tẹ̀ síwájú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mi. Èèyàn ò lè bínú sí ẹni tó fi ehín gé òwú ní ẹ̀bá ikùn rẹ̀. Kí oṣù tó parí, mo ti ran bọ́tìnnì mọ́ ẹni mẹ́rìndínlógún lára, igbákejì alága sì wà nínú wọn. Ọ̀gá ní, "Ìwọ yìí, abẹ́rẹ́ ẹ ju ẹnu mi lọ." Inú mi dùn débi pé mi ò sùn mọ́.

Wọ́n wá ní ká mú ìròyìn wá ní kíkọ. Òfin wa ni pé èdè wa la máa kọ́kọ́ fi kọ ọ́, Ògbufọ̀ á fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀, èmi á wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo kọ ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi bí ọmọ tó nítìjú ṣe ń kọ ọ́. Mo ní, "Àwọn ìyá oníbọ́tìnnì wa máa ń jí ní ìdájí. Wọ́n á fọ́ àgbọn, wọ́n á fi ayùn rẹ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á dá ihò sí i. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti ń ṣe é." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnì kan ni mò ń wí. Ta ló máa sọ pé "ó jí, ó fọ́ àgbọn" fún ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà? Ògbufọ̀ náà mọ̀, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá náà rí. Ìyá kan ló kọ sílẹ̀, ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ló sì fi tẹ̀ lé e dé ìparí. Ìgbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni mo rí i. Ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́ jẹ́ kí n mọ èyí tó wà fún ẹnì kan àti èyí tó wà fún ọ̀pọ̀, ara mi sì gbóná. Mo ní, ọmọ yìí, torí pé o gbédè ni o ṣe ń bú àgbà? Mo sọ "ìyá kan" di "àwọn ìyá", gbogbo "ó" tó wà níbẹ̀ ni mo sì sọ di "wọ́n". Ìgbà mọ́kànlélógójì ni. Mo bá yín búra, ọ̀wọ̀ ni mo rò pé mò ń bù fún un. Mi ò mọ̀ pé lédè àwọn yẹn, bí o bá ti pe èèyàn ní "wọ́n", o ti bí ìyókù wọn nìyẹn.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, àṣìṣe lásán ni mo ṣe, ǹ bá má da yín láàmú. Ọjọ́ kejì ni Ìgbìmọ̀ ka ìwé náà. Ọ̀gá àti Ògbufọ̀ wà ní yàrá míràn, wọ́n ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Igbákejì alága, tí bọ́tìnnì mi wà láyà rẹ̀, ló jáde wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé àwọn obìnrin náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé orí òun wú bí òun ṣe ń rò ó pé gbogbo wọn ń jí pọ̀ ní ìdájí. Ó bi mí pé ṣé wọ́n tó ogójì? Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣẹ́jú yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́ sára ògiri yín. Ó yé mi. Ó yé mi yékéyéké. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo nílò, "rárá" àti "ẹnì kan", mo sì gbọ́ méjèèjì lédè wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo rí ojú Ọ̀gá lọ́kàn mi, mo rí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí àga onígi, mo ní, "Wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìgbìmọ̀ ní àwọn máa rán alábẹ̀wò wá wo ibi iṣẹ́ náà lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ẹ rí i pé irọ́ kì í dá rìn. Bó bá wọlé, á ní kí o wá àga fún ẹbí òun. Mo sá lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí, mo lọ bá àwọn ará àdúgbò. Ọjọ́ tí alábẹ̀wò máa dé, mo ti kó èèyàn mẹ́tàlélógójì jọ sẹ́yìnkùlé Ìyá Oníbọ́tìnnì: awakọ̀, onídìrí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́pàá kan tó gbàgbé láti bọ́ fìlà, àti dókítà eléyín tí ilé rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà. Mo pín ayùn fún wọn, mo pín èèpo àgbọn. Ìyá náà ti ilé ìwẹ̀ jáde, wọ́n rí ogunlọ́gọ̀ mọ̀lẹ́bí ní kùtùkùtù, wọ́n dúró sójú kan. Wọ́n ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni?" Àwa tí à ń bẹ̀rù ò mọ ìgbà tí a bú sẹ́rìn-ín.

Ògbufọ̀ ló yẹ kó bá alábẹ̀wò rìn. Èmi ni mo rán an lọ sí èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kó lọ gba àpótí kan tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo wá ń gbufọ̀. Alábẹ̀wò yí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, ó wo dókítà eléyín tó ń dá ihò sí bọ́tìnnì, ihò mẹ́rin mẹ́rin, ọgbọọgba, ó ní òun ò rí ọwọ́ tó balẹ̀ báyìí rí. Ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Oníbọ́tìnnì, ó ní kí n bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ìyá náà ò tilẹ̀ wojú mi. Wọ́n ní, "Pín iṣẹ́ kẹ̀? Èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Àwọn wọ̀nyí kàn ń ba àgbọn mi jẹ́ ni, sọ fún un kó lé wọn lọ." Mo yíjú sí alábẹ̀wò, mo ní, "Ìyá ní ọwọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa, a kì í mọ ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan parí sí." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àgbà dùn.

Wọ́n fún wa ní àyè náà. Ìlú yọ̀, èmi náà yọ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ kún irọ́. Láàárín ọdún méjì, àwọn tó wá ń báni ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti di oníbọ́tìnnì gidi. Ìyá náà kọ́ wọn pẹ̀lú èébú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Èèyàn àádọ́jọ ló ń jẹun nídìí ẹ̀. Dókítà eléyín ò padà sídìí eyín mọ́. Ó ní bọ́tìnnì kì í ké. Bí mo bá ń kọjá lójú pópó, wọ́n á máa ju ọwọ́ sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé irọ́ mi ti di òótọ́, pé bí ìkòkò bá ti se ọbẹ̀ dùn, ta ló ń béèrè ibi tí wọ́n ti gbé e? Àwọn olókùn ló ń béèrè. Agbẹjọ́rò wọn wá ìròyìn wa tí a fi èdè wa kọ jáde, ó wá ẹni tó gbédè wa, ẹni yẹn sì sọ fún un pé ọ̀wọ̀ ni "àwọn" inú ẹ̀, ìyá kan péré ni wọ́n ń wí.

Ìwé dé láti Ìgbìmọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ìjọba wa ló mọ̀ọ́mọ̀ yí ọ̀rọ̀ náà, àwọn máa gba àyè náà padà lọ́jọ́ kejì. Bó bá sì jẹ́ pé ògbufọ̀ ló ṣì í tú, ìyẹn ti yàtọ̀, ẹnu kì í ṣàì ṣì sọ, àwọn máa fi àyè sílẹ̀ fún wa níwọ̀n ìgbà tí èèyàn ti pé ogójì báyìí, àwọn á kàn yọ orúkọ ògbufọ̀ náà kúrò nínú ìwé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ṣeé gbà. Ọ̀gá pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ta ló ṣe é?" Ó wò mí títí, ó wá rọra ní, "Mo ní, ṣé àṣìṣe ògbufọ̀ ni?" Mo rò nípa èèyàn àádọ́jọ. Mo rò nípa ara mi pẹ̀lú, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, mo tilẹ̀ kọ́kọ́ rò nípa ara mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó gbé ìwé síwájú mi, mo fọwọ́ sí i. Mo jáde, mo lọ sídìí fáìlì, mo yọ èyí tí Ògbufọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ kọ, èyí tí ìyá kan wà nínú ẹ̀ kedere, mo ká a, mo fi sí àpò àyà.

Mo rò pé ìyẹn ló burú jù. Ó ku èyí tó burú jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ògbufọ̀ sáré wọ yàrá mi, òógùn bò ó, kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo ṣì í tú! Mi ò ṣì í tú. Ẹ ṣáà rántí ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ, ẹ̀yin ni mo gbé e fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a." Mo dìde. Mo bá a wá a! Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo gbé fáìlì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mo wo abẹ́ tábìlì, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbọ́ ìró bébà náà láyà mi. Wákàtí kan gbáko la jọ fi wá a. Nígbà tí a ò rí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ tiẹ̀ bá mi wá a." Ìtìjú ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi mí sípò igbákejì Ọ̀gá. Ẹ wo ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òun ló ń túmọ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ náà wá, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹ̀. Mo lè ti sọ òtítọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Ìgbìmọ̀ yí òfin rẹ̀ padà tí wọn ò tún ka èèyàn mọ́, tí wọ́n sì wá àyè fáwọn olókùn náà. Ewu ti kúrò lórí gbogbo ìlú nígbà yẹn, orí mi nìkan ló kù sí. Mo wá pe ojora ní ìfẹ́ ìlú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí dókítà dá ọjọ́ fún mi, mo lọ sílé Ògbufọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, awò ojú méjì ló wà lórí rẹ̀, ó ń wá ẹ̀kẹta. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lórí ìnàró. Mo retí ẹkún, mo retí ìgbátí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń wo abẹ́ tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di ògiri mú, ẹ̀rín yẹn sì já lójijì. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi gbà pé mo ṣì í tú títí wọ́n fi kú." Ó ní, "Ẹ lọ kọ ọ́ fún Ìgbìmọ̀, lédè wa. Èmi ni n ó túmọ̀ ẹ̀." Mo ní ṣé wọ́n á gbà á, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀? Ó ní, "Kí wọ́n wí tẹnu wọn."

Ìwé tí mo fẹ́ kọ sí Ìgbìmọ̀ ló mú Ògbufọ̀ wá sídìí tábìlì mi láàárọ̀ òní. Èyí tí ẹ ń kà yìí, tiyín ni, ó yàtọ̀. Mo ti kọ ọ́ kalẹ̀: "Àṣìṣe kan wáyé ní ọ́fíìsì wa." Ó dá a padà sí mi. Ó ní lédè àwọn yẹn, wọ́n á béèrè ẹni tó ṣe é. Mo kọ, "A ṣe àṣìṣe." Ó wò mí lókè awò ojú. Ó ní, "Ẹ̀yin mélòó?" Ẹ̀rín pa mí. Mo kọ, "Mo purọ́ mọ́ ògbufọ̀ wa. Èmi nìkan ni." Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n. Ìyẹn ṣeé tú."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá gbóríyìn fún yín fún ohun tí ẹ ò ṣe, ẹ tètè sọ pé ẹ ò ṣe é, kí oyin ìyìn náà tó kan ahọ́n yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń ṣòro. Ẹ sì má gbé àwòrán mi kọ́. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ní òun ò fẹ́ àwòrán, orúkọ òun lòun fẹ́.

Ohun tó kẹ́yìn rèé. Nísàlẹ̀ ìwé náà, mo kọ sí òun fúnra rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó tú gbogbo ìwé náà láìdúró, ó dé ibẹ̀, gègé rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ta lẹ ń bẹ̀ níbí?" Mo ní ìwọ ni. Ó ní, "Ẹ ju mí lọ, èmi nìkan ṣoṣo sì ni mí. Kí lẹ wá ń ṣe 'ẹ' sí?" Mo ní ọ̀wọ̀ ni. Mi ò rí i rí kí ọ̀rọ̀ wọ́n ọn. Ó ní, "Èdè wọn ò ní i." Ó wá kọ gbólóhùn náà bó ṣe wà, lédè wa, sáàárín èdè tiwọn. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, láìgé ọ̀kan kúrò.